Ìjà Ọ̀rẹ̀: Bí A Ti Í Múra De Ìjà Àjàkẹ́yìn

"Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì sí etí ọmọ Yorùbá. Bí iṣẹ́ bá le ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, bí ìdánwò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí akẹ́kọ̀ọ́ lórí, bí tọkọtaya bá wọ̀yá ìjà tí àwọn aládùúgbò kò sì rí i là, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń lò ó pé irú ìjà wo ni ìjà Ọ̀rẹ̀, ta ni ó bá ta jà, ọdún wo ni wọ́n jà á, kí ni ó sì fà á tí ó fi jẹ́ pé Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jà á, ìdáhùn wọn kì í pọ̀. Báyìí ni àkànlò èdè ti í ṣe. Ìtàn tí ó bí i a máa kú, òun fúnra rẹ̀ a sì máa wà láàyè, bí ọmọ òrukàn tí kò mọ orúkọ baba rẹ̀.

Nǹkan méjì ni àlàyé yìí wà fún. Èkíní ni láti mú àkànlò èdè náà padà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Èkejì ni láti fi ìjà Ọ̀rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ bí a ti í múra de ìjà àjàkẹ́yìn àti bí a ti í jà á, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ju ti ogun nìkan lọ.

KÍ NI ÌJÀ ÀJÀKẸ́YÌN?

Ìjà àjàkẹ́yìn ni ìjà tí gbogbo ìjà tí ó ṣáájú rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá borí nínú rẹ̀ ti gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣubú nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí ó ti kó jọ tẹ́lẹ̀ dòfo. Àwọn baba wa mọ irú ìjà yìí dáadáa. Nínú àlọ́ ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé, kì í ṣe orí igi tí ọdẹ sá gùn ni ó ti di aṣẹ́gun. Kí ọ̀tá tó ká a mọ́ orí igi ni ó ti ní àwọn ajá náà, tí ó ti fún wọn lórúkọ, tí ó sì ti mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe. Ọ̀kan ń ṣá, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan sì ń gbá ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ ọ́n ṣe, ọdẹ ìbá ti kú.

Bákan náà ni ó rí nínú ayò ọlọ́pọ́n. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ni ó wà nínú ihò méjìlá. Ọ̀ta tí ó mọ ayò kì í kánjú jẹ ìjẹkújẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Yóò fi sùúrù kó odù jọ sínú ihò kan, yóò máa wo ihò alátakò rẹ̀, yóò máa kà á lọ́kàn, títí ọjọ́ tí odù náà yóò fi pé tí yóò sì tú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá tètè tú odù rẹ̀, òpè ni. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù kí ó tó tú u, odù náà a di ẹrù sí i lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní náà ní irú eré yìí lórí kọ̀ǹpútà. Eléré a kó àwọn jagunjagun jọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀: ẹni kan ń gba ọfà dúró ní iwájú, ẹni kan ń ta láti ọ̀nà jíjìn, ẹni kan ń wo ọgbẹ́ sàn. Eléré a máa sún wọn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ ogun, a máa kó ohun ìjà àti oògùn pamọ́, títí yóò fi kan olórí àwọn ọ̀tá ní ìpẹ̀kun eré náà. Àwọn tí ó mọ eré yìí gbà pé ìbéèrè mẹ́rin ni ó ń pinnu ìjà yẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ wo ni a ó ti jà? Ta ni ọ̀tá, níbo ni ó sì ti lágbára tàbí tí ó ti rọ? Kí ni ó wà lọ́wọ́ ẹni, iṣẹ́ ta sì ni èwo? Ìgbà wo ni ó yẹ kí a dúró, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí a kọlù ú? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà, ìyàtọ̀ náà sì tóbi: bí ẹni orí kọ̀ǹpútà bá kú, eléré a tún un bẹ̀rẹ̀. Ní Ọ̀rẹ̀, ẹni tí ó kú kò tún un bẹ̀rẹ̀.

ILẸ̀ ÌJÀ

Ọ̀rẹ̀ ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí wọ́n ja ìjà náà ní ọdún 1967, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo àgbègbè náà wà, nítorí pé ọdún 1976 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Odìgbó. Igbó Olúwa, tí ìjọba yà sọ́tọ̀, wà níbẹ̀. Igi ńláńlá, odò àti àbàtà kò sì jẹ́ kí ènìyàn lè gba ibi tí ó bá wù ú kọjá.

Láàárín igbó yìí ni ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé. Èkíní wá láti ìwọ̀-oòrùn, láti Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde. Èkejì wá láti ìlà-oòrùn, láti Bìní àti Odò Ọya. Ẹ̀kẹta lọ sí àríwá, sí Oǹdó, láti ibẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ẹ̀kẹrin lọ sí gúúsù, sí Òkìtìpupa àti ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí á ronú lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ogun tí ó ń bọ̀ láti Bìní. Kí ó tó dé Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, igbó sì wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Bí ó bá kọjá Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ di méjì: ó lè yà sí Ìjẹ̀bú-Òde kí ó sì dojú kọ Èkó, tí kò ju nǹkan bí igba kìlómítà lọ sí ibẹ̀, ó sì lè yà sí Oǹdó kí ó dojú kọ Ìbàdàn. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé yóò wá di ẹni tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn méjì. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé Ọ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti dá ogun náà dúró. Ọrùn ìgò ni, ẹni tí ó bá di ọrùn ìgò mú, ohun tí ó wà nínú ìgò ti di tirẹ̀.

BÍ OGUN TI DÉ

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni Ọ̀gágun Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu kéde pé Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ti di orílẹ̀-èdè Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìjọba Àpapọ̀, lábẹ́ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, kò pè é ní ogun. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n pè é, bí ẹni pé àwọn kan kàn fẹ́ lọ mú arúfin ni. Láàárín oṣù náà, Nsukka bọ́ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀, erékùṣù Bonny tí ó wà ní etí òkun sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ilé ti ń há mọ́ Ojukwu. Ẹni tí wọ́n bá sì há mọ́ inú ilé a máa wá ojú fèrèsé.

Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ni fèrèsé náà. Gómìnà ibẹ̀, Ọ̀gágun David Ejoor, kò fẹ́ kí wọ́n sọ ilẹ̀ òun di pápá ogun. Ṣùgbọ́n ní kùtùkùtù ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Odò Ọya kọjá láti Onitsha sí Asaba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí àwọn oníṣòwò ń lò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bìní ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Ejoor sì ti sá àsálà. Ogun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lójú ọ̀nà, nítorí pé ọmọ ogun tí ó wà ní àgbègbè náà kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wọn sì jẹ́ ọmọ Ìgbò ìhà ìwọ̀-oòrùn odò, tí àwọn kan nínú wọn sì ti bá Biafra mulẹ̀.

Ẹni tí ó ṣáájú ogun náà kì í ṣe ọmọ Ìgbò. Victor Banjo ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti wà ní àtìmọ́lé láti oṣù kìíní ọdún 1966, tí Ojukwu sì dá a sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìjà Ọ̀rẹ̀ fi ta kókó nínú ìtàn Yorùbá. Ogun tí ó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Yorùbá ni ó ń darí rẹ̀.

ÌDÚRÓ NÍ BÌNÍ

Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan ni ogun náà fi ti Asaba dé Bìní, kí ni kò jẹ́ kí ó fi ọjọ́ kejì dé Ọ̀rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀kẹta wọ Èkó? Ìbéèrè yìí ni ìdí gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, Banjo ṣì wà ní Bìní tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọmọ ogun ìdáǹdè Nàìjíríà ni ó pe àwọn tí ó kó sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà ni ó sì ń sọ, kì í ṣe ti Biafra nìkan. Ète rẹ̀ àti ète àwọn tí ó rán an láti Ẹnúgù kò bára mu mọ́.

Láàárín ìgbà náà, wọ́n tún pín ogun náà sí ọ̀nà púpọ̀. Apá kan lọ sí Warri àti Sapele, apá kan lọ sí ìhà Auchi, apá kan sì kọjú sí Ọ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọmọ ogun tó láti gba ìlú tí kò múra. Ṣùgbọ́n kò tó láti ṣọ́ odindi ilẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kí ó sì tún ṣẹ́gun Èkó. Ọwọ́ tí a là kì í le tó ìkúùkù. Kì í ṣe ní Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdánù ìjà náà. Ìjókòó wọn ní Bìní ni ó kọ́kọ́ ṣe é.

ÌMÚRA

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tí ogun náà fi fi falẹ̀, ìgbọ́tẹ́lẹ̀ ni ó jẹ́ fún Ìjọba Àpapọ̀. Ohun kìíní tí ó yí padà ni orúkọ. Gowon kò pè é ní iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́. Ó kéde pé ogun àjàtán ni. Ẹni tí ó bá mọ ipò tí orúkọ dì mú nínú ìrònú Yorùbá yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tí a bá pè ní iṣẹ́ ọlọ́pàá, agbára ọlọ́pàá ni a ó fi ṣe é. Ohun tí a bá pè ní ogun, gbogbo ilé ni yóò gbé e.

Ohun kejì ni ènìyàn. Wọ́n fi Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣe olórí ẹ̀ka ogun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, Ẹ̀ka Ogun Kejì. Kánmọ́kánmọ́ ni wọ́n kó o jọ: àwọn tí ó ń ṣọ́ Èkó, àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun tí ó dára jù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọjú sí.

Ohun kẹta ni oúnjẹ àti ọta. Láti Èkó, níbi tí èbúté àti bárékè wà, ọkọ̀ lè kó ọta, epo àti oúnjẹ dé ẹ̀gbẹ́ Ọ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ní ti àwọn ọmọ ogun Biafra, ohun tí wọn yóò jẹ àti ohun tí wọn yóò yìn gbọ́dọ̀ ti ẹ̀yìn Odò Ọya wá, kí ó gba orí afárá Onitsha kọjá, kí ó la gbogbo Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn já. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Èkó ni okùn wọn ń gùn, tí ti ọ̀tá wọn sì ń kúrú. Òfin ogun ni èyí níbi gbogbo: ẹni tí ó ń lépa a máa rẹ̀ bí ó ti ń lọ, ẹni tí wọ́n ń lépa a sì máa lágbára bí ó ti ń sún mọ́ ilé.

ÌJÀ NÁÀ

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹjọ ni iwájú ogun Biafra kan ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrìn wọn sí ìwọ̀-oòrùn pin sí. Ojú títì ni ìjà náà wà, igbó sì wà ní apá méjèèjì. Nínú irú ìjà báyìí, ọgbọ́n àyíká kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é lò. Iwájú ni ìbọn ń kọ, ẹ̀yìn sì ni agbára ti ń wá. Ẹni tí ọta kò bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí ènìyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ láti rọ́pò ẹni tí ó ṣubú, ni yóò dúró. Ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tí ó dojú kọ wọ́n padà sí ọ̀nà Bìní.

Bí ti iwájú ti ń le ni ti ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Benjamin Adekunle, tí wọ́n ti gba Bonny, gba ojú omi wọ ilẹ̀ náà láti gúúsù, wọ́n sì gba Warri àti Sapele. Ẹni tí ó ń jà ní Ọ̀rẹ̀ wá ní láti máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, Ẹ̀ka Ogun Kejì wọ Bìní. Ìjọba tuntun tí àwọn ará Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde níbẹ̀, tí wọ́n pè ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bìní, kò rí ọ̀sẹ̀ kan lò láyé. Nínú oṣù Kẹsàn-án náà ni wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Banjo àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní Ẹnúgù, tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Àwọn tí ó sá padà bẹ́ afárá Odò Ọya sẹ́yìn ara wọn. Láti ìgbà náà, ogun kò tún wọ ilẹ̀ Yorùbá mọ́ títí ó fi parí ní oṣù kìíní ọdún 1970.

OHUN TÍ Ó JỌ Ọ́ NÍNÚ ÌTÀN

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀nà inú igbó apá Oǹdó yóò pinnu ogun. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1870, àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ṣáájú kò lè borí Ìbàdàn nípa akin nìkan. Ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ọta bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà ọ̀sà àti Oǹdó, tí Glover là ní ọdún 1872, sì wà ní ṣíṣí fún wọn, nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn. Ìró ìbọn ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìbọn náà gbà wá ni ó mú kí ìró rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kírìjì àti Ọ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ni: ibi tí a ti ń ja ìjà àjàkẹ́yìn kọ́ ni a ti í borí rẹ̀.

ÈRÈ ÌJÀ

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin ìṣáájú hàn gbangba. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé ni ilẹ̀ náà gbè. Ọ̀tá lágbára nínú ìyára, ó sì rọ níbi okùn ìpèsè àti ìṣọ̀kan. Kété tí ó fi ìyára sílẹ̀ ni ó ti sọ idà rẹ̀ nù. Apá kan mọ ohun tí ó ń jà fún, ẹnu apá kejì kò kò lórí tirẹ̀. Àkókò tí ẹnì kan fi ṣòfò, ẹnì kejì fi kọ́ odi.

Síbẹ̀, àwọn àgbà ní ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọni. Ọ̀rẹ̀ gba orúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́ ni ìjà náà bí. Ẹ̀ka Ogun Kejì tí ó ja àjàṣẹ́gun ní Ọ̀rẹ̀ ni ó wọ Asaba ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn ará ìlú fi ijó àti orin jáde láti kí wọn káàbọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí kò gbé ohun ìjà kankan. Ní ọdún 2002 ni Gowon fúnra rẹ̀ lọ sí Asaba láti tọrọ àforíjì. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìtàn ìjà Ọ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún un, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ṣẹ́gun, tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí ìṣẹ́gun dúró sí, ìdajì ìmọ̀ ni ó ní.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ó wà ní agbègbè Odìgbó. Orúkọ àwọn ọ̀gágun pọ̀ nínú ìwé. Ohùn àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà tí ogun bá lójú ọ̀nà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ọdún 1967 ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní òru ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n sá sí, orin tí wọ́n fi ìjà náà kọ, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ la ẹnu pe "Ó le kú". Kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní èdè àdúgbò gẹ́gẹ́ bí ó ti ti ẹnu àwọn àgbà jáde, kí wọ́n sì fi orúkọ oko, odò àti ìkóríta sí i. Lẹ́yìn náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí ó sì kígbe pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, yóò mọ irú ìjà tí ó fi ìdánwò rẹ̀ wé.